Ìjábọ̀ Àyẹ̀wò Ilé Tó Burú: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Bójú Tó Ilé Tí A Ń Gbé ní Surulere

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Aguda, ní Surulere, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan nísàlẹ̀ ni tiwa. Onílé ti kó lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ti gbé àbójútó ilé náà lé ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n ń gba owó ilé, àwọn ni wọ́n ń sanwó ẹni tó ń gbá àyíká, àwọn náà ni a sì ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá kọṣẹ́. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò tíì tán. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí: àyẹ̀wò tí wọ́n ń wá ṣe nínú ilé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, pàápàá jù lọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ìjábọ̀ bá burú tí ayálégbé sì sọ pé òun kò gbà. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni máàkì tí mo fún wọn. Ká ní àyẹ̀wò náà nìkan ni mo wò ni, wọn ì bá má gbà ju mẹ́ta lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ́tí sí èsì wa ló fa máàkì náà sókè.

Kí n tó sọ àléébù wọn, ó yẹ kí n sọ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa. Wọn kì í já lu ènìyàn lójijì. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, sọ pé ayálégbé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ wọlé wá wo ipò tí ilé wà, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni kí ó jẹ́, kí ìwé sì ti ṣáájú rẹ̀. Òfin náà kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà, àmọ́ ó kan Surulere. Ìwé tiwọn dé láti ọwọ́ bàbá tó ń ṣọ́ ilé, wọ́n tún fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, wọ́n sì fi kún un pé bí àkókò náà kò bá rọrùn fún wa, a lè mú òmíràn. Mo mọ àwọn tí aṣojú onílé wọn ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ni wọ́n máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ti wọ iyàrá wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n rán wá. Ó kí wa dáadáa, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ má bínú mà, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa.” Ó wọ yàrá kan bọ́ sí èkejì, ó ń ya àwòrán, ó ń tẹ nǹkan sínú fóònù. Kò ṣí omi kankan wò, kò fọwọ́ kan ogiri, kò tẹ́tí sí táìlì, kò sì bi wá ní ìbéèrè kan nípa ìgbà tí ohun tó ń yà ní àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà tí mo gbé kaná kí ó tó dé kò tíì rọ̀ tó fi dágbére fún wa.

Nígbà tí ìjábọ̀ náà wọlé sórí ímeèlì, lẹ́tà pupa ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀: ìtọ́jú ilé yìí kò dára tó. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to gbogbo ẹ̀sùn sí láìyà wọ́n sọ́tọ̀: èébu dúdú lára ogiri iyàrá, “nítorí pé àwọn olùgbé kì í ṣí fèrèsé”, ọ̀dà tó ń bó, òróró tó ta sára ogiri ilé ìdáná, gíláàsì fèrèsé kan tó fọ́, táìlì tó ti tú nílẹ̀ pálọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti gbó. Wọ́n wá fi ìkìlọ̀ kan parí rẹ̀ pé a óò yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó tí a fi dógò nígbà tí a ń wọlé, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní kọ́ṣọ́n. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí. Mo wo òkè ímeèlì náà, mo rí i pé wọ́n ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé ní ìṣẹ́jú kan náà tí wọ́n fi tiwa ránṣẹ́. A kò tíì ka ẹ̀sùn náà tán tí adájọ́ ti gbọ́ ọ.

Ọkọ mi fẹ́ kí a pe onílé lójú ẹsẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká pe Àlàájì, kí ọ̀rọ̀ yìí parí lónìí.” Èmi kò fara mọ́ ọn. Àlàájì jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, kò ní fi ọ̀rọ̀ líle dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ lórí fóònù kò ní wọ inú fáìlì, ìjábọ̀ pupa yẹn sì wà nínú fáìlì. Ọjọ́ tí a bá ń kó jáde, fáìlì ni wọn yóò ṣí. Ìsàlẹ̀ ìjábọ̀ náà, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-rín kọ nǹkan sí, sọ pé ayálégbé ní ọjọ́ méje láti fèsì lákọsílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dojú kọ.

Mo ya àwọn ẹ̀sùn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òróró ilé ìdáná àti gíláàsì tó fọ́, tiwa ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. A fọ ogiri, a ra gíláàsì, a ya àwòrán méjèèjì pẹ̀lú rìsíìtì. Àwọ̀n ẹ̀fọn tó gbó, ọjọ́ orí ló gbó o. Òfin 2011 tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan ní kí ayálégbé tọ́jú ilé dáadáa, ṣùgbọ́n ó yọ gbígbó tó bá ti lílò ojoojúmọ́ wá kúrò nínú ohun tí a lè bi í. Ìwé àdéhùn tiwa náà ní gbólóhùn yìí, mo sì da á kọ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Táìlì kò gbà mí ní àkókò púpọ̀ rárá: a ya fídíò pálọ̀ náà ní ọjọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́, ìró òfìfo tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa sì wà nínú fídíò náà.

Ogiri iyàrá ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀sùn yẹn ló wọ́n jù, òun náà ló sì máa ń kó ayálégbé sínú wàhálà jù lọ ní Èkó, nítorí pé gbogbo ogiri tó bá rin ni wọ́n máa ń sọ pé èémí àti aṣọ tútù ló fà á. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń mú ogiri rin ju ọ̀kan lọ. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò rìn nínú yàrá ni, èébu sábà máa ń jókòó sí igun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà, tàbí sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí páìpù bá ń jò nínú ogiri, ojú kan ni omi yóò ti máa tàn ká. Tiwa kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Láti ilẹ̀ ló ti gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, ó sì ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ gba ara ogiri náà já. Ọ̀dà ibẹ̀ wú, ó sì ń bó. Bí o bá fi ìka ha á, sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ a máa dà sílẹ̀ bí gàrí, ìyẹ̀fun funfun kan tó jẹ́ iyọ̀ a sì máa bá a jáde. Omi ilẹ̀ ni ó ń gun ogiri bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé, ó yẹ kí wọ́n tẹ́ rọ́bà tàbí ohun mìíràn tí omi kò lè gbà kọjá sáàárín ìpìlẹ̀ àti ogiri. Níbi tí wọn kò bá ti tẹ́ ẹ, tàbí tí ó ti gbó, búlọ́ọ̀kù a máa fa omi láti inú ilẹ̀. Ní àdúgbò tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, pàápàá láti oṣù kẹrin tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ogiri bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Kí ó má baà dà bíi pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́, mo ṣe àyẹ̀wò kan tí bíríkìlà kan kọ́ mi. Mo gé nylon tó mọ́ gbòò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó rin náà, mo fi téèpù dí gbogbo etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lójú nylon, níhà ọ̀dọ̀ yàrá, ọ̀rinrin inú yàrá ni. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, níhà ọ̀dọ̀ ogiri, inú ogiri ni omi ti ń jáde. Lẹ́yìn ni tiwa wà, ó sẹ̀ sára nylon náà wínníwínní, ojú rẹ̀ níta sì gbẹ táútáú. Mo ya á ní àwòrán kí n tó ṣí i, mo tún ya á nígbà tí mo ṣí i tán. Mo jáde síta, mo ya ẹ̀yìn ogiri kan náà, níbi tí àmì omi ti dúró sí ìwọ̀n gíga kan náà. Màmá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ kejì nísàlẹ̀ gbà mí láyè láti ya tiwọn, ó ní, “Ìyá Ṣadé, tèmi ti wà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kó dé.”

Èsì tí mo kọ kò gùn púpọ̀. Mo fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, mo to ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò ó, mo sì kọ “a gbà, a ti tún un ṣe” tàbí “a kò gbà, ìdí rẹ̀ nìyí” sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò sọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí. Mo bẹ̀ wọ́n ní nǹkan méjì péré: kí wọ́n rán ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ wá wo ogiri náà, kí wọ́n sì fi èsì wa ránṣẹ́ sí onílé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí i.

Níbí ni wọ́n ti yà mí lẹ́nu. Arábìnrin kan pè láti ọ́fíìsì wọn, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò gbèjà ẹnikẹ́ni, ó ní òun ti ka èsì náà láti òkè dé ilẹ̀. Àgbà ọkùnrin kan ni wọ́n rán wá lẹ́ẹ̀kejì. Ó mú irin kékeré kan tó ní ẹnu méjì wá, tó máa ń fi nọ́ńbà sọ bí ogiri ṣe rin tó bí wọ́n bá kì í bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà náà ga nísàlẹ̀, ó sì ń wálẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gòkè, títí tó fi kọjá orúnkún tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan mọ́. Ó fi owó ẹyọ kan gbá táìlì, ó tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Mà, ilẹ̀ ló ń gbé omi yìí wá, kò kan fèrèsé yín.” Ìjábọ̀ kejì tó kọ gbé ogiri àti táìlì kúrò lọ́rùn wa, ó gbé wọn lé onílé lọ́wọ́, wọ́n sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí i lóòótọ́.

Kí ló wá dé tí mo fi yọ máàkì mẹ́rin? Àkọ́kọ́, ìjábọ̀ pupa náà ṣì wà nínú fáìlì. Wọ́n kàn kọ ọ́ sí i pé a ti tún un yẹ̀ wò ni, wọn kò yọ ọ́. Wọ́n ní ètò iṣẹ́ wọn kò gbà kí a pa ìjábọ̀ rẹ́, mo sì gbà pé ìdí wà fún ìyẹn, àmọ́ ẹni tó bá ń sáré kà á, pupa ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ìkejì, fọ́ọ̀mù wọn kò ní àyè kankan tí a lè kọ ọ́ sí pé nǹkan gbó, tàbí pé ilé ló ní àléébù; gbogbo ohun tí kò bá ti dára, orí ayálégbé ló ń lọ. Irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ yóò máa bí irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù tí wọn ì báà fi rán. Èyí tó kẹ́yìn ni ti owó: inú owó tí a ń san fún àbójútó ilé ni owó àyẹ̀wò yìí ti ń jáde, òfin sì fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gba ìṣirò lákọsílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó kéré tán, nípa bí wọ́n ṣe ná irú owó bẹ́ẹ̀. Mo ti béèrè. Ìlérí ni mo ṣì ń gbà.

Bí o bá jẹ́ onílé tí kò sí ní Èkó, iṣẹ́ wọn lè wúlò fún ọ, ní ìwọ̀n ìgbà tí o bá ń ka ìjábọ̀ àti èsì ayálégbé pọ̀. Bí o bá jẹ́ ayálégbé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ya fídíò gbogbo yàrá ní ọjọ́ tí o bá gba kọ́kọ́rọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an kí déètì lè wà lórí rẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tó tún ràn wá lọ́wọ́ tó o. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gba èsì rẹ, Citizens’ Mediation Centre tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń parí ìjà onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́. Ti aṣojú tó bá ń hùwà tí kò tọ́, LASRERA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé títà àti ilé yíyá, ni a máa ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Bíríkìlà ti wá ha sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ogiri náà kúrò, owó onílé ni. Ó ní kí a jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù gbẹ dáadáa kí òun tó rẹ́ ẹ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí omi kọjá, nítorí náà ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìṣirò owó bá dé kí ó tó di ìgbà náà, n ó sọ mẹ́fà di méje.