Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Àmọ́ Ìlà Búlúù Yìí Wọ Ògiri Àpáta Lọ: Ọdún Kan Pẹ̀lú Áàpù Máàpù Òkè

"Ṣé ẹ ti gbìyànjú láti pa áàpù náà, kí ẹ sì tún un ṣí?"

Èsì tí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ níléeṣẹ́ tó ni áàpù máàpù òkè tí mò ń lò fún mi nìyẹn, lẹ́yìn tí mo kọ lẹ́tà gígùn sí wọn pé ìlà búlúù tó ń júwe ọ̀nà nínú áàpù wọn mú èmi àti àbúrò mi dé ẹsẹ̀ ògiri àpáta tó ga tó ilé alájà mẹ́rin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá pa áàpù, ṣé àpáta á yà fún wa ni?

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. N ò ní pẹ́ lórí ohun tí gbogbo ẹni tó ń gun òkè ti mọ̀ nípa irú áàpù báyìí. Máàpù wà níbẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì wà níbẹ̀, ẹ lè gbé gbogbo ẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé rárá, máàpù ò dá mi sílẹ̀ rí. Mo lo wákàtí mẹ́sàn-án lórí òkè lọ́jọ́ náà, bátìrì mi ṣì ku 61 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀bùrú ni mo torí ẹ̀ sanwó. Ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà gun òkè yẹn ti kún jù. Tí ẹ bá gbójú sókè, gìgísẹ̀ ẹni iwájú ni ẹ ó máa wò títí ẹ ó fi dé orí ẹ̀. Àbúrò mi ló ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. A bi àwọn tó ń ṣọ́ òkè bóyá òfin gbà wá láyè láti yà kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kò sí wàhálà níhà àríwá, ká ṣáà máa tẹ orí òkúta, ká má tẹ ewéko mọ́lẹ̀.

Bí áàpù náà ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ fọwọ́ kan ibi tí ẹ fẹ́ ti gbéra, ẹ fọwọ́ kan ṣóńṣó òkè, á fa ìlà búlúù láàárín méjèèjì, á sì kọ "ọ̀nà tó dára jù" sí i lára. Tiwa gba inú àfonífojì tóóró kan, kìlómítà 4, gígùn sókè mítà 900. Ó ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 18 la máa fi débẹ̀. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé ìṣirò Naismith, ọkùnrin ará Scotland tó gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1892, ni wọ́n lò: kìlómítà 5 ní wákàtí kan, kí wákàtí kan tún wọlé fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá gùn. Ìṣirò yẹn dára lójú ọ̀nà tó já gaara. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yọ kan ló máa ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́. A ti rin wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀, a ò tíì dé ìdajì.

Ibẹ̀ la ti pàdé ògiri náà. Ó dúdú, ó tutù, omi ń kán láti ibi tó ti sán ní àárín ẹ̀. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ti le gbagidi bí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti dúró rí, ibọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó ti gbó sì wà láàárín òkúta. (Ẹ fi ibọ̀wọ́ yẹn sọ́kàn.) Ìlà búlúù gba àárín ògiri náà kọjá tààrà bí ẹni pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Àmì tó ń fi ibi tí a wà hàn wá ń fò kiri bí ẹlẹ́ńgà: ó ní a wà lókè, ó tún ní a wà nísàlẹ̀, torí àpáta ń dá àmì sátẹ́láìtì padà bí ihò ṣe ń dá ohùn padà.

Àbúrò mi ní òun lè gùn ún. Mo ní kó má dán an wò. Kí n tó palẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́, ó ti gùn tó ìlọ́po méjì gíga ara ẹ̀, ó wá dúró. Kò lè lọ sókè, kò lè sọ̀. Ojú ló ń ríran nígbà tí èèyàn bá ń gun nǹkan. Tó bá ń sọ̀, ẹsẹ̀ tí kò lójú ló ń wá ibi tó máa tẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kúrò níbẹ̀ o." Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń pè é sísàlẹ̀: ẹsẹ̀ òsì, díẹ̀ sí i, ó kù bí ìka mẹ́rin, tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà délé.

Ẹ wá wo èsì tí mo gbà: kí n pa áàpù, kí n tún un ṣí.

Òṣìṣẹ́ kejì tiẹ̀ burú jù. Ó fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́, ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan tó ní ìlà búlúù kì í ṣe ìmọ̀ràn, ọrùn ẹni tó ń lò ó ló wà. Mo ní, "Àmọ́ ẹ ò kọ ìyẹn sára ìlà náà. 'Ọ̀nà tó dára jù' lẹ kọ síbẹ̀." Ó ní òun gbọ́, ó ní kí n gbádùn òpin ọ̀sẹ̀ mi. Mo ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń fagi lé owó ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni obìnrin kan láti ibi tí wọ́n ti ń ya máàpù kọ̀wé sí mi. "Ẹ kú ewu, ẹ sì kú orí ire," ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì bèèrè ara àbúrò mi kó tó bèèrè ohunkóhun mìíràn. Ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, kí n sọ bí ògiri náà ṣe ga tó. Mo fi àbúrò mi tó wà nínú fọ́tò wọ̀n ọ́n: ìlọ́po mẹ́jọ gíga ẹ̀, bíi mítà 14.

Ó wá ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Láti ara ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí Endeavour, ọkọ̀ òfurufú àwọn ará Amẹ́ríkà, fi rédà mú láti gbalasa òfurufú ní oṣù kejì ọdún 2000, láàárín ọjọ́ 11, ni wọ́n ti ṣe máàpù agbègbè yẹn. Ojú ìwọ̀n kan sí èkejì tó nǹkan bíi mítà 30. Tí ilẹ̀ òkè ògiri bá tẹ́jú díẹ̀, tí ti ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà tẹ́jú, mítà 14 nìkan ni kọ̀ǹpútà máa rí pé ilẹ̀ fi ga sí i láàárín mítà 30. Ìyẹn jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 25. Àwọ̀ ìkìlọ̀ inú áàpù kì í sì í bẹ̀rẹ̀ àyàfi tó bá dé dígírì 27. Ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn ńkọ́? Mítà 20 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, nítorí náà odindi ògiri wọ àárín méjì, ó sápamọ́ síbẹ̀. Mo fi bírò ṣe ìṣirò náà fúnra mi. Dígírì 25 géérégé.

Ó ní kí n ṣí àwòrán sátẹ́láìtì, kí n wo ibẹ̀ dáadáa. Ìlà dúdú kan wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí okùn bàtà. Odò ni mo pè é tẹ́lẹ̀. Òjìji ògiri ni. Láti òkè, ògiri tó dúró ṣánṣán ò lójú tí èèyàn lè rí, òjìji ẹ̀ nìkan ló ń tú u fó. Ojú tì mí díẹ̀.

Mo wá bi í léèrè nípa ìlà ọsàn, ìyẹn ipasẹ̀ àwọn tó ti lo áàpù ṣáájú wa. Ó nípọn gan-an nínú àfonífojì yẹn, òun ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ pé áàpù ń ka àlọ, ó ń ka àbọ̀: ẹni tó bá dé ẹsẹ̀ ògiri tó sì padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ipasẹ̀ ẹ̀ máa wọlé. Áà! Àwọn oníbọ̀wọ́! Gbogbo ẹni tí ògiri lé padà ló mú kí ọ̀nà náà dà bí èyí tó dára. Mo ṣì ń bínú sí eléyìí. Ó ní òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá, mo sì gbà á gbọ́, àmọ́ títí di òní kò tíì yí padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ìlà búlúù. Èmi ni mo fi ọwọ́ fa tèmi, lórí eegun ẹ̀yìn òkè tó wà lápá òsì àfonífojì, níbi tí kò ti sí òjìji kankan nínú àwòrán. A kọ́kọ́ gun òkè kékeré tó kọjú sí i, a fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Mo sàmì sí ibi mẹ́ta tí a ti lè yà padà, mo kọ aago tí a gbọ́dọ̀ yí padà sí i. Òkúta ńláńlá tó dúró gbọin ló wà lọ́hùn-ún, ọwọ́ ń rí ibi dì mú, ẹsẹ̀ ń rí ibi tẹ̀. Wákàtí márùn-ún àti díẹ̀, a yọ lẹ́yìn àwọn tó gba ojú ọ̀nà. Ọmọdé kan bojú wò wá bí iwin, ó bi ìyá ẹ̀ pé ibo lèyí ti wá. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀.