SSSD: nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, mo ṣì ń wọlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì lọ sílé, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ wà ní Òṣogbo níbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ́fíìsì wa wà ní Òkè-Fìà, orí sáfà ibẹ̀ ni orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù gbogbo wa wà, Linux la sì ń lò. Tí mo bá ti délé, kò sí sáfà mọ́, ìgbà míì gan-an kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, àtiwọlé sórí láptọ́ọ̀pù tó wà lórí itan mi á wá di ogun. Èyí tá à ń lò tẹ́lẹ̀, mo máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù tán, á kàn dúró gbagidi, á máa wá sáfà tí ò lè rí, ó máa pẹ́ gan-an, á wá ní pásíwọ́ọ̀dù ò dáa, ẹ dákun, pásíwọ́ọ̀dù tí mo fi ṣiṣẹ́ láàárọ̀!

SSSD, ètò kan lórí Linux tó máa ń bi sáfà bóyá orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó fẹ́ wọlé dáa, ló gbà mí. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, á fi hash pásíwọ́ọ̀dù yín (àmì tí wọ́n ṣe látara ẹ̀, kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù gan-an) pamọ́ sínú /var/lib/sss/db lórí láptọ́ọ̀pù, torí náà bí wọ́n mú iná lọ, bí ráútà kú, ibẹ̀ ló ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, wéré báyìí ẹ ti wọlé.

Àmọ́ o, kò ní ṣe é fúnra ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ cache_credentials = true sábẹ́ domain yín (apá tó jẹ́ ti sáfà yín) nínú sssd.conf, fáìlì ètò SSSD, torí false ló wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ pa SSSD kẹ́ ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ wá wọlé kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́fíìsì. Wíwọlé yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, wọ́n á délé tán wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn ni offline_credentials_expiration, iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè fi máa wọlé láìrí sáfà; 0 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní gbèdéke kankan. Ẹni tí wọ́n ti lé níṣẹ́, tí wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lórí sáfà, láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì máa gbà á wọlé bí ò bá ṣáà ti gbé e sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyẹn ò dáa rárá. 7 ni mo fi sí tiwa, lábẹ́ apá [pam] nínú sssd.conf, tó bá ti lé lọ́jọ́ 7 tẹ́ ẹ ti wọlé lójú sáfà kẹ́yìn, ó parí. Tẹ́ ẹ bá sì yí pásíwọ́ọ̀dù níbòmíì, ti àtijọ́ ni láptọ́ọ̀pù ṣì mọ̀ títí tó fi máa rí sáfà.

Ẹ má pa fáìlì inú db yẹn rẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí o, ẹ máa ti ara yín mọ́ta. Kẹ́ ẹ sì ní akáǹtì kan tó jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an, tí ò bá sáfà ṣe.