Orin ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Anne: àgbéyẹ̀wò àwo Handel tí The King's Consort ṣe

Ẹni tó bá ti kọ "Hallelujah Chorus" rí nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì mọ Handel sí ẹni tí ìpè rẹ̀ máa ń mi ilé tìtì. Nínú orin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìpè kan ṣoṣo àti ohùn ènìyàn kan ṣoṣo ló ṣíde, jẹ́jẹ́ sì ni àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ode for the Birthday of Queen Anne ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Eternal Source of Light Divine ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí nítorí ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́. HWV 74 ni nọ́ńbà rẹ̀ láàárín iṣẹ́ Handel. Ìdílé serenata ló wà: orin àfin tí wọ́n kọ láti yẹ́ ọba sí, tó ní àwọn adákọrin, elégbè àti ohun èlò orin, tí kò sì ní eré orí ìtàgé nínú.

Àwo tí mò ń gbé yẹ̀ wò ni èyí tí Robert King darí fún ilé iṣẹ́ àwo Hyperion ní ìparí àwọn ọdún 1980, Music for Royal Occasions. The King's Consort ló ń lo ohun èlò, kúáyà New College, Oxford ló ń gbè. James Bowman ló kọ ohùn alto, Gillian Fisher kọ soprano, Michael George kọ bass. Crispian Steele-Perkins ló fun ìpè.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì 1713, ọjọ́ ìbí Anne, ọbabìnrin Bírítéènì, ni Handel kọ orin yìí fún. Ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, iṣẹ́ ọba Hanover ní Jámánì ni wọ́n sì gbà á sí nígbà náà, síbẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ló jókòó sí. Ambrose Philips ni wọ́n gbà pé ó kọ ewì rẹ̀. Ẹsẹ méje ni. Lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ègbè máa ń gbé ìlà méjì kan náà: ọjọ́ tó bí Anna ńlá sáyé, ẹni tó fìdí àlàáfíà pípẹ́ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ègbè kì í yí padà, àmọ́ orin rẹ̀ ń yí. Ẹni tó bá mọ lílé àti ègbè dáadáa yóò ti mọ ibi tí ewu wà: bí elégbè bá ń fi agbára kan náà dáhùn ní ẹ̀ẹ̀meje, etí á ti sú kí wọ́n tó dé ẹ̀ẹ̀kẹrin. King kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹni tó lé orin bá fi ohùn sí ló jẹ́ kí elégbè ti gbà á. Lẹ́yìn orin àwọn ẹyẹ, ègbè fúyẹ́. Lẹ́yìn orin bass tó ń lé ìlara jáde, ó le.

Ibi tí owó àwo yìí wà gan-an ni ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn violin kàn ń di ohùn gígùn mú nísàlẹ̀, wọn kò sáré, wọn kò sì ṣe ẹ̀ṣọ́ kankan. Bowman wọlé sórí "Eternal", ó ń na ọ̀rọ̀ náà, ó ń yí i ká lọ síwájú kó tó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ìpè gba gbólóhùn náà lẹ́nu rẹ̀, ó tún un sọ. Bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn nìyẹn. Richard Elford, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àfin, ni Handel ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ ohùn alto yìí. Ọkùnrin tó ń kọ alto ni Bowman náà, ohùn rẹ̀ sì ní ara. Kò rí tín-ín-rín bí ti ọ̀pọ̀ tó ń kọ irú rẹ̀. Ẹ fetí sí ibi tó ti ń mí. Ó máa ń ru gbólóhùn kan dé òpin rẹ̀ kó tó mí, ìdí nìyẹn tí orin náà fi dà bí àdúrà tí ẹnì kan ń gbà láìsí ìkánjú.

Ìpè náà ló ṣòro jù. Ìpè ayé ìgbà yẹn kò ní bọ́tìnì tí a ń tẹ̀. Páìpù idẹ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje ni, tí wọ́n ká kó lè ṣeé gbé. Ètè àti èémí nìkan ni afunpè fi ń yí ohùn rẹ̀ padà. Nísàlẹ̀, àwọn ohùn tó lè mú jáde jìnnà síra wọn, ọ̀ràn kan náà tó jẹ́ kí kàkàkí ààfin Ọ̀yọ́ máa fi ohùn díẹ̀ péré sọ̀rọ̀. Ó dìgbà tó bá gòkè gan-an kí àwọn ohùn tó sún mọ́ra tó láti fi dárin. Bó sì ti ń gòkè ni ètè ń le, tí ohùn ń fẹ́ han gooro. Kí ènìyàn wà lókè yẹn, kó má sì borí ohùn ẹni tó ń kọrin, iṣẹ́ ńlá ni. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ohùn kọkànlá nínú àtẹ̀gùn ìpè D kò bá ti dùùrù mu, àárín G àti G-sharp ló bọ́ sí. Ètè ni afunpè fi ń fà á sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọ̀pọ̀ afunpè òde òní sì máa ń lu ihò kéékèèké sára páìpù kó lè rọrùn. Steele-Perkins gbé ìpè rẹ̀ sí ẹ̀yìn ohùn Bowman díẹ̀, ó sì jẹ́ kí òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan rọ̀. Ohun èlò ogun ni ìpè láti ilẹ̀ wá. Níbí, ó ń tu ènìyàn nínú.

Àwọn ẹsẹ tó tẹ̀ lé e dùn: ẹyẹ ń júbà, ẹran ọ̀sìn àti kìnnìún dọ̀rẹ́, odò ń ṣàn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ karùn-ún ni ẹ gbọ́dọ̀ dúró dè, "Kind Health descends on downy wings", tí Fisher àti Bowman jọ kọ. Ìlera ló ń fò bọ̀ lórí ìyẹ́ rírọ̀, tí áńgẹ́lì ń sìn ín wá sọ́dọ̀ ọbabìnrin. Aláìsàn ni Anne. Ó lóyún ó kéré tán ìgbà mẹ́tàdínlógún, kò sí ọmọ kan tó gbẹ̀yìn rẹ̀, oríkèé ríro kò sì jẹ́ kó lè rìn dáadáa. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1714 ló wàjà. Kò sí àkọsílẹ̀ pé wọ́n kọ orin náà sétí rẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fún Handel ní £200 lọ́dọọdún kí 1713 tó parí. Àwọn akọrin méjèèjì mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: wọn kò kọ ọ́ bí orin ìyìn, wọ́n fi ń ṣìpẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ègbè tí ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kó gba etí òun kọjá. Àlàáfíà tí wọ́n ń yin Anne fún ni àdéhùn Utrecht, tó parí ogun lórí ẹni tí yóò jọba Spéènì. Lára ohun tí Bírítéènì rí gbà nínú ètò àlàáfíà náà ni Asiento, ẹ̀tọ́ láti máa kó ẹrú Áfíríkà lọ sí àwọn ilẹ̀ Spéènì ní Amẹ́ríkà: 4,800 lọ́dọọdún, fún 30 ọdún. Kúbà wà lára àwọn ilẹ̀ náà. South Sea Company, ilé iṣẹ́ òwò kan ní Bírítéènì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, Handel fúnra rẹ̀ sì ra ìpín níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ewì Philips kò dárúkọ òwò ẹrú náà. Orin náà ṣì dára, n kò ní parọ́. Àmọ́ bí àwọn ọmọkùnrin New College bá ti ń gbé "lasting peace" sókè lẹ́ẹ̀keje, nọ́ńbà 4,800 yẹn ni mò ń gbọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ: láti 2023 ni àwo Hyperion ti wà lórí àwọn áàpù orin, kò pọn dandan kí ẹ ra CD mọ́. Bí ẹ bá tẹ "Eternal Source" nìkan, ẹsẹ àkọ́kọ́ tí oríṣiríṣi ènìyàn kọ ló máa kún ojú fóònù, pàápàá lẹ́yìn tí Elin Manahan Thomas kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó Harry àti Meghan ní Windsor ní 2018. Ẹ fi orúkọ King's Consort kún un. Ẹ pa shuffle, nítorí ègbè tí kò ní lílé níwájú kò ní ìtumọ̀. Orin ègbè ni kí ẹ fi díwọ̀n ohùn fóònù. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ fi díwọ̀n, elégbè á di yín létí. Íápíìsì sàn ju sípíkà fóònù lọ, sípíkà kékeré máa ń jẹ ohùn ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù bá wọn lọ, ẹ fi transpose sí −1: A=415 ni wọ́n fi yí ohùn sí, ìyẹn ìdajì ohùn nísàlẹ̀ ti òde òní, D tó wà nínú ìwé orin á máa dún bí C-sharp. Ìwé orin náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ilé ìkàwé orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àwo méjì mìíràn wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Simon Preston darí Academy of Ancient Music pẹ̀lú Emma Kirkby ní àwọn ọdún 1970, ohùn soprano ibẹ̀ mọ́ gaara. Andreas Scholl kọ ọ́ pẹ̀lú Marcus Creed ní Berlin, lórí àwo kan náà pẹ̀lú Dixit Dominus, orin Handel mìíràn. Ohùn Scholl ń dán ju ti Bowman lọ, ẹni tó fẹ́ ẹwà ohùn nìkan lè yan ìyẹn. Ti King ni mo dúró tì. Orin náà gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n, orin ṣọ́ọ̀ṣì àfin méjì ló sì kún àwo náà: Sing unto God tí Handel kọ fún ìgbéyàwó ọmọ ọba ní 1736, àti Te Deum kan ní ohùn D. Bí àkókò kò bá sí, ẹsẹ kìíní àti ìkarùn-ún ni kí ẹ gbọ́, kí ẹ wá fi "United nations" tó gbẹ̀yìn kádìí rẹ̀, níbi tí ohùn kan ti ń jáde tí òmíràn sì ń dá a padà jẹ́jẹ́ láti ọ̀ọ́kán.