Ìkọ́ kámẹ́rà fún káìtì: ó fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ tún síkúrù rẹ̀ fún

Nígbà tí mo gbé àpò tí wọ́n fi ìkọ́ yìí, ìyẹn ohun tá a fi ń so kámẹ́rà mọ́ okùn káìtì, ránṣẹ́ sí mi, ó ṣe mí bíi pé wọ́n gbàgbé láti kó ẹrù sínú rẹ̀. Mo tò ó pọ̀ tán, mo gbé e lé òṣùwọ̀n: gíráàmù 142, tòun ti okùn. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe lọ́jọ́sí jẹ́ 310, ó sì wúwo ju kámẹ́rà tí mo ń so mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ń fi káìtì ya fọ́tò láti òkè mọ ìdí tí inú mi fi dùn. Bí ẹrù bá wúwo, káìtì ńlá lẹ máa lò, afẹ́fẹ́ líle lẹ ó sì máa retí, okùn á wá máa bó yín lọ́wọ́. Kámẹ́rà tí George Lawrence, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi ya ìlú San Francisco lọ́dún 1906, lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tí ìlú náà sì jóná, ju kílò 20 lọ. Ọ̀wọ́ káìtì ló gbé e. Ní tèmi, rokkaku ńlá, ìyẹn káìtì onígun mẹ́fà, ni mo máa ń gbé jáde tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, delta kékeré kan, ìyẹn káìtì onígun mẹ́ta, ti tó.

Àmọ́ kì í ṣe fífúyẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, àgbélébùú Picavet tó wà lórí rẹ̀ ni. Pierre Picavet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1912. Apá mẹ́rin ló ní, òrùka kékeré wà lẹ́nu apá kọ̀ọ̀kan. Okùn kan ṣoṣo ló ń gba inú òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó tún ń gòkè lọ sí ibi méjì tá a so ó mọ́ lára okùn káìtì. Bí káìtì bá ròkè tàbí tó wálẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á yọ̀ kọjá nínú òrùka, kámẹ́rà á sì wà pẹrẹsẹ bó ṣe wà. Èyí tí mo ṣe fúnra mi, ọ̀pá kan ni mo fi gbé e kọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá a báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, kì í sì í tètè dákẹ́. Ìdajì fọ́tò mi ló máa ń dagun.

Wákàtí kan gbáko ni mo fi ki okùn náà bọ òrùka, torí àwòrán kan péré ló wà nínú ìwé ìlànà wọn. Mo kọ́kọ́ ṣi apá kejì àti ìkẹta gbé fúnra wọn, ni gbogbo rẹ̀ bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi bírò kọ 1 dé 4 sára apá wọ̀nyẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti dùn mí ni síkúrù tó di kámẹ́rà mú. Okùn káìtì kì í dákẹ́, ó máa ń gbọ̀n rìrì nígbà gbogbo, gbígbọ̀n yẹn ló sì ń tú u díẹ̀díẹ̀. Nígbà kẹta tí mo gbé e sókè, kámẹ́rà dorí kodò, fọ́tò 200 ó lé ló sì jẹ́ ti koríko abẹ́ rẹ̀ nìkan. Nọ́ọ̀tì tó ní náílọ́ọ̀nù nínú ni mo fi rọ́pò tiwọn, kò sì tíì tú látìgbà náà. Wọn ò tún fi okùn ààbò kankan sí i. Èmi ni mo ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara kámẹ́rà sí àárín àgbélébùú, bí síkúrù bá já, kó má baà já lulẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń ta irú nǹkan báyìí ti ronú síyẹn.

Mo máa ń jẹ́ kí káìtì lọ sókè tó mítà 30, kó fara balẹ̀ níbẹ̀, kí n tó so ìkọ́ mọ́ okùn. Ìdá 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá ni mo ní kí ojú kámẹ́rà máa fi ṣí, kó sì máa ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún-márùn-ún. Nínú èyí tí mo yà kẹ́yìn, etí odò gún régé láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, mo sì lè ka ipasẹ̀ ẹyẹ lórí ẹrẹ̀.

Màá tún rà á. Àmọ́ bí kámẹ́rà yín bá ju gíráàmù 350 lọ, ẹ wá òmíràn. Mo so ti ọ̀rẹ́ mi tó wúwo mọ́ ọn wò, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lójú mi kó tó kúrò nílẹ̀ rárá.