Kí ẹ tó sanwó fún sọ́fútíwíà ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ ọjọ́ sí i wò

Mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ni mo ń tà ní Bódìjà. Mẹ́ta ni mo ti fi ka ọjà: sọ́fútíwíà kan tí wọ́n tà fún mi ní Dùgbẹ̀, Google Sheets, tábìlì ìṣirò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti LibreOffice Calc, irú tábìlì bẹ́ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ro owó pọ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ rísíìtì, ẹni tó ń tà á á sọ ìyẹn fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́.

Ọmọ tó ń bá mi tajà tẹ 08/05/2023 síbi ọjọ́ tí mílíìkì máa bàjẹ́. Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ló wà lára páálí. Ṣùgbọ́n ètò Amẹ́ríkà ni sọ́fútíwíà Dùgbẹ̀ yẹn bá dé, oṣù ni wọ́n sì ń kọ ṣáájú lọ́hùn-ún. Ó kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ. Ọjọ́ 89 ló fi kún ẹ̀mí mílíìkì mi! Nínú oṣù kẹfà, ìyá kan dojú agolo kan dé lórí káńtà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìdí agolo yìí o.” Páálí mẹ́sàn-án ni mo kó dànù.

Kí ló dé tí a ò tètè fura? Tí ẹ bá tẹ 25/05, ó máa ń kọ̀ ọ́, torí kò sí oṣù 25. Àwọn ọmọ á tún un tẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá ló ń wọlé láìpariwo. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń yí i padà.

Ní Google Sheets, inú Settings fáìlì ni locale wà, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ kó tẹ̀lé àṣà rẹ̀ bí ó bá ń kọ ọjọ́. Ẹ yan United Kingdom, ọjọ́ á ṣáájú oṣù, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì náà, bákan náà ló máa bá a. Dátà ló ń jẹ.

Calc ló fọkàn mi balẹ̀. Èdè tí menu ń sọ lọ́tọ̀, locale lọ́tọ̀, owó náà lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní Tools, Options. Ààyè kan wà níbẹ̀ tí mo kọ D/M/Y sí. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi ṣì ń ro ara rẹ̀ sí Amẹ́ríkà, Calc ò dá a lóhùn. Tí oníbàárà tó ń já ọjà fún mi bá fi fáìlì CSV (tábìlì tí wọ́n fi kọ́mà pín) ránṣẹ́, Calc á kọ́kọ́ bi mí bí mo ṣe fẹ́ kó ka ọjọ́ inú rẹ̀. Bí ọjọ́ bá sì lẹ̀ mọ́ apá òsì, mo ti mọ̀ pé kò kà á sí ọjọ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Orí fóònù nìkan ni kò ti wúlò fún mi.

Ẹ fi sọ́kàn pé nọ́ńbà ni ọjọ́ ń dà nínú Sheets àti Calc. Èyí tó bá ti ṣì wọlé, yíyí locale padà kò lè tún un ṣe. Ẹ óò tún un tẹ̀ ni. Tí ẹ bá kọ ọdún ṣáájú, bíi 2023-05-08, kì í ṣini lọ́nà.

Ní ti lẹ́tà ẹ, ọ, ṣ: àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n kọ. Ti Dùgbẹ̀ sọ “ẹ̀wà” di “?wà”.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì lè mú Sheets. Ṣọ́ọ̀bù kan, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, Calc ni. Tó bá jẹ́ ti olówó lẹ ṣì fẹ́, ẹ jókòó ti ẹni tó ń tà á, ẹ tẹ 08/05, kó fi orúkọ oṣù hàn yín. Tó bá gbé August jáde, kó yí i padà lójú yín kí ẹ tó mówó jáde.