Ẹ ṣọ́ra o: dúráìfù 16TB tí mo rà, 64GB péré ló wà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ya àwòrán, ẹ̀yin tí ẹ ń kó fáìlì pamọ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó fún dúráìfù kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí ná. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, mi ò sì fẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n tà fún mi gẹ́gẹ́ bí SSD (dúráìfù tí kò ní àwo tó ń yí nínú) 16TB, tí TB kan sì tó 1,000GB, mẹ́mọ́rì káàdì 64GB kan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sínú páálí irin. Nǹkan bí 400GB àwòrán àti fídíò ni mo fà lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti lọ nìyẹn.

Omi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lóru ọjọ́ kan, páìpù tó gba òkè àjà yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọjá bẹ́. Mo gbọ́ tó, tó, tó lójú oorun, mo rò pé aago ni. Kí n tó dìde, àjà ti wú bí ikùn aboyún, omi ti ń dà sórí tábìlì, láptọ́ọ̀pù mi ti mumi yó, háàdì díìsìkì tí mo so mọ́ ọn sì wà láàárín àwọn ìwé tó ti rin gbingbin. Inú háàdì díìsìkì yẹn ni gbogbo àwòrán ẹyẹ tí mo ti yà fún ọdún mẹ́rin wà.

Ẹyẹ ni mo fẹ́ràn. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, ohun tí ọkàn mi yọ̀ sí ni. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń jókòó, n ó yan ẹyẹ kan, n ó to àwòrán rẹ̀, n ó sì kọ ohun tí mo fojú rí nípa rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ bíi tèmi. Kí omi yìí tó dé, mi ò pa Sátidé kan jẹ rí. Èyí tí mo ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí omi dé ni ti àdàbà méjì tó kọ́ ìtẹ́ sójú fèrèsé mi: ẹyin méjì, takọ tabo ń gba sísàba lọ́wọ́ ara wọn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ tó jáde, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn kí ọmọ tó fò. Ojoojúmọ́ ni mo ń ya ìtẹ́ yẹn, láti ọjọ́ tí igi wẹ́wẹ́ mẹ́ta péré ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ṣe dáadáa lóru ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nítorí ó lè wúlò fún ẹnìkan: mi ò tan háàdì díìsìkì náà wò. Àwo tó wà nínú irú díìsìkì yẹn ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án, àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó ìnípọn irun orí ènìyàn rárá. Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀ tí ẹ tan án, ó lè ha àwo náà. Wọ́n ní kí ènìyàn má fi iná tàbí oòrùn gbẹ ẹ́ pàápàá, nítorí omi tó bá gbẹ máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Mo wé e sínú ọ̀rá bó ṣe tutù, mo sì gbé e fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń yọ fáìlì nínú díìsìkì tó bàjẹ́. Ó yọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ tán. Ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́jọ́ yẹn kò kéré.

Ó wá ní kí n mú dúráìfù tuntun wá kí òun kó ẹrù mi sí, pé ọjọ́ méje péré ni òun máa ń tọ́jú fáìlì oníbàárà sórí ẹ̀rọ òun, lẹ́yìn náà òun á pa á rẹ́. Ìkánjú wá wọ̀ ọ́. Láptọ́ọ̀pù tí mo yá lọ́wọ́ ìbátan mi ni mo fi ń wá dúráìfù lóru, ojú mi pọ́n, Sátidé méjì ti kọjá tí mi ò kọ nǹkan kan. Bí mo ṣe rí i nìyẹn: SSD 16TB, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iye tí wọ́n ń tà á kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n ń ta 8TB gidi. Ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ ló ní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì ti yìn ín. Mo rà á.

Nígbà tó dé, ó wuyì lójú. Irin ni ara rẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ń ki wáyà sí ní àwọ̀ búlúù bíi ti USB 3. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní 16TB ni lóòótọ́. Mo gbé e fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan tó sọ nígbà tó ń dá a padà fún mi kò kúrò létí mi títí di òní: "Dúráìfù yín yìí ń falẹ̀ o. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó pa tọ̀dọ̀ mi rẹ́." Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí gbogbo fódà, mo rí orúkọ gbogbo fáìlì, mo rí iye báìtì tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pé. Mo ṣí bí àwòrán mẹ́wàá láti ọdún àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: ó ti pé, ẹ lè pa á rẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó dé orí àwòrán àdàbà. Mo ṣí ti ọjọ́ tí ẹyin kejì wọ ìtẹ́. Òkè àwòrán náà wà: etí fèrèsé, orí ìyá àdàbà, ojú rẹ̀ tó pupa. Láti ọrùn rẹ̀ sísàlẹ̀, àwọ̀ eérú ló kù, ó tẹ́jú bí ògiri. Mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, kò ṣí. Mo ṣí fídíò tí ọmọ ti ń fọ́ ẹyin jáde: orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, 2GB ló kọ síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ṣí ọgọ́rùn-ún fáìlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa rò pé fáìlì kàn bàjẹ́ ni. Nínú gbogbo dúráìfù, ṣíìpù kékeré kan wà tó ń dárí mẹ́mọ́rì, òun náà ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí mẹ́mọ́rì náà ṣe tóbi tó. Àwọn gbájúẹ̀ yìí á yí ètò inú ṣíìpù náà padà kó lè máa purọ́. Kọ̀ǹpútà kì í wọnú rẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń gbà. Bí ẹ bá ń kó fáìlì sí i, yóò máa gbà á dáadáa títí 64GB gidi yẹn á fi kún. Láti ibẹ̀ lọ, yóò kàn máa sọ pé "mo ti gbà á" nígbà tó ń da ohun tí ẹ fún un nù, tàbí kó máa fi tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Orúkọ fáìlì ní tirẹ̀ máa ń wà nínú àkójọ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ dúráìfù, níbi tí mẹ́mọ́rì gidi ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi pé, tí iye báìtì fi pé, tí inú rẹ̀ sì ṣófo. Àwòrán ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣí wò ló wọlé kí àyè tó tán. Ibi tó dára nìkan ni mo wò.

Ohun náà ló fà á tí ìràwọ̀ fi pọ̀ lórí ọjà wọn. Ẹni tó ra 16TB, tó kó 20GB sí i lọ́jọ́ tó dé, kò ní rí àléébù kankan. Á fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún, á sì bá tirẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ máa là, nígbà tí àkókò àtidá ọjà padà ti kọjá. Nígbà tí mo padà lọ ka ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà náà dáadáa, mo rí i pé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń yin wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù. Ojú ìwé ọjà mìíràn ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó fún wọn ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ kà, kí n sì kà á láti orí èyí tó dé gbẹ̀yìn.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọlọ́jà náà, ó dáhùn kíákíá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní kí n fọ dúráìfù náà mọ́ (ìyẹn format, kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́) kí n tún un lò. Mo dúpẹ́ pé mi ò gbọ́, nítorí fífọ̀ ọ́ kò ní ṣe nǹkan kan ju kó tún pe ara rẹ̀ ní 16TB lọ, ìwọ̀nba fáìlì tó kù á sì tún lọ. Lẹ́yìn náà ó ní òun á dá ìdá kan nínú márùn-ún owó mi padà bí mo bá lè yọ ẹ̀sùn tí mo fi sun àwọn tó ni ìkànnì tí mo ti rà á kúrò. Mo kọ̀. Ó ní kí a máa bá ọ̀rọ̀ lọ lórí WhatsApp, pé ibẹ̀ yá jù. Ẹ má gba irú èyí láé: bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí ìkànnì ọjà náà, àwọn tó ni ìkànnì kò ní rí ẹ̀rí kankan mọ́. Nígbà tó rí i pé mi ò gbà, ó ń sọ "ẹ mú sùúrù, ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta" ṣáá. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta yẹn ló fẹ́ fi jẹ àkókò ẹ̀sùn mi tán. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìsọ̀ rẹ̀ pòórá. Ìsọ̀ mìíràn ti yọ lórúkọ mìíràn, àwòrán kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n tilẹ̀ ti sọ ọ́ di 30TB báyìí.

Mo tú tèmi. Súkúrù mẹ́rin ni. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi sínú rẹ̀ kó lè wúwo, mẹ́mọ́rì káàdì bíi ti fóònù sì wà nínú ihò rẹ̀, gọ́ọ̀mù bò ó lórí.

Ohun tí ẹ máa fi mọ̀ wọ́n rèé. Ẹ lọ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe dúráìfù fúnra rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá irú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023 tí Samsung gbé SSD T5 EVO jáde, 8TB ni èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe owó pọ́ọ́kú. Nítorí náà, bí dúráìfù tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára bá ń pe ara rẹ̀ ní 16TB tàbí 30TB lówó táṣẹ́rẹ́, irọ́ ni, ẹ má wulẹ̀ ronú sí i. Èkejì ni eré rẹ̀: ọ̀pọ̀ SSD tó ń lo USB 3 ń gba 400MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tèmi kò gbà ju 15MB lọ. Ìfalẹ̀ tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yẹn pariwo fún mi nìyẹn. Àmọ́ bí dúráìfù 1TB bá hàn bíi 931GB lórí Windows, ẹ má bá ọlọ́jà jà, ọ̀nà tí Windows ń gbà ka báìtì ló yàtọ̀.

Kò sí dúráìfù tí ó yẹ kí ẹ gbé fáìlì sí láìdán an wò, kódà bí ó ti wù kí ọlọ́jà náà ní orúkọ tó. Lórí Windows, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ H2testw wà lọ́fẹ̀ẹ́: yóò fi fáìlì ìdánwò kún dúráìfù náà, yóò sì padà kà á láti wò ó bóyá ohun tó kọ ló ń rí. F3 ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lórí Linux àti Mac. Ó ń gba àkókò o. Dúráìfù 1TB tó ń gba 20MB ní ìṣẹ́jú àáyá máa gba wákàtí bíi 14 fún kíkọ nìkan. Bí ẹ bá fura sí ayédèrú bíi tèmi, ẹ kò nílò láti kún un tán. Mo ní kí H2testw kọ 100GB péré, ó sọ fún mi pé nǹkan bí 59GB ló dára, ìyókù ti sọnù. Iye tí 64GB ń jẹ́ lójú Windows náà nìyẹn.

Bí ẹ bá ti ra ọ̀kan, tí fáìlì yín sì wà nínú rẹ̀, ẹ má tún kó nǹkan kan sí i láti ìṣẹ́jú yìí. Èyí tó bá ṣì ń ṣí, ẹ dà á kọ síbòmíràn. Ẹ ya èsì ìdánwò náà pamọ́, ẹ ya ojú ìwé ọjà náà pamọ́ kí wọ́n tó yí i padà, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn sun àwọn tó ni ìkànnì tí ẹ ti rà á, kì í ṣe ọlọ́jà nìkan. Bí káàdì báǹkì lẹ fi sanwó, ẹ bi báǹkì yín léèrè bí wọ́n ṣe lè gba owó náà padà. Owó tèmi ti padà dé lánàá, nítorí èsì H2testw tí mo fi ránṣẹ́ ni wọ́n wò.

Àwòrán àdàbà kò padà dé. Mo rí ọjọ́ mẹ́rin gbà nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti inú káàdì kámẹ́rà tí mo gbàgbé láti pa rẹ́.

Mo ti ra dúráìfù méjì mìíràn, lọ́dọ̀ ẹni tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí. Ọ̀kan á máa wà nílé, èkejì á máa wà lọ́dọ̀ ìbátan mi, níbi tí páìpù ilé mi kò lè dé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, H2testw wà lórí ti àkọ́kọ́, ó ti kọ 611GB nínú 931, kò tíì rí àṣìṣe kankan. N ó fi èsì rẹ̀ síbí bó bá parí. Ẹni tí ìsọ̀ tuntun tó ń ta 30TB yẹn bá yọ sí, kó jọ̀wọ́ fi ẹ̀sùn sùn wọ́n kí ẹlòmíràn tó rà á.