Ẹ ṣọ́ra fún "ọmọ Ifẹ̀" tí wọ́n ní ó wà ní Tógò

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, pàápàá ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ jọ̀ọ́: bí ọkùnrin kan bá gbé àwòrán ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín pé kí ẹ máa fi ₦5,000 tọ́jú rẹ̀ lóṣooṣù ní Tógò, ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù yín. Oṣù 11 lèmi fi san án. Ẹ fi ₦10,000 "owó Kérésìmesì" kún un.

Níbi ìsọjí ló ti bá wa. Káàdì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé fídíò wá, ó sì mọ ibi tó ń yún ará Ifẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló họ. Ó ní ọmọ Ifẹ̀ ni àwọn ọmọ tó wà ní Atakpamé yìí. Òótọ́ wà nínú ìyẹn o. Àwọn èèyàn kan wà lágbègbè Atakpamé tí wọ́n ń pe èdè wọn ní Ifẹ̀, ìtàn wọn sì sọ pé Ilé-Ifẹ̀ níbí ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí lọ. Orí òótọ́ yìí ló kọ́ irọ́ rẹ̀ lé. Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ ìyá òun ń jìyà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní yọ? Àwa mẹ́rin la forúkọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Afi ló kàn mí: ọmọdébìnrin kan nínú aṣọ yẹ́lò, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó di ṣíbí mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà Afi náà ń dé. Mo máa ń kà á sókè fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà mi kan tó ń lọ kó aṣọ ní Lomé gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ ọmọ Atakpamé ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán báyìí? Faransé ni wọ́n fi ń kàwé níbẹ̀." Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní atúmọ̀ ló kọ ọ́. Mo gbà, nítorí àwọn ojúlówó ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọmọ náà máa ń túmọ̀ lẹ́tà. Àfi bí èyí tó tẹ̀ lé e ṣe dé, tí Afi ń dúpẹ́ pé òun fi ₦4,000 nínú owó mi ra bàtà fún ayẹyẹ ọjọ́ ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún. Nàìjíríà wa níbí la ti ń ṣe 27 oṣù karùn-ún. Sefa ni wọ́n sì ń ná ní Tógò.

Ọjà Atákúnmọ́sà ni àṣírí ti wá tú pátápátá. Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ní Iléṣà, ní kí n wá wo ọmọ tí òun náà ń tọ́jú. Aṣọ yẹ́lò. Ṣíbí. Mo ní, "Afi mi nìyí!" Ó ní, "Afi wo? Akosiwa ni o." A wo ara wa títí, ẹ̀rín burúkú sì gbà wá lẹ́nu.

Ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ọkùnrin náà fi hàn wá, BN ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. BN náà ló wà lára ìwé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi! Orúkọ òwò ni wọ́n ń fún ní BN. IT ni ti ẹgbẹ́ aláàánú. Ọ̀fẹ́ ni ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC. IT náà kò sì ní kí olè má jalè o. Èyí tó dùn mí jù ni pé orúkọ ara rẹ̀ ló wà lórí àkáǹtì tí mò ń sanwó sí. Oṣooṣù ni mò ń rí i, tí mò ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ má torí èyí sọ pé olè ni gbogbo ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọmọ. Compassion ti wà láti 1952, látorí àwọn ọmọ òrukàn ogun Kòríà. Ìjọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. World Vision ti wà láti 1950, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ gbangba pé wọn kì í ká owó lé ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́, iṣẹ́ àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe. Àkáǹtì ẹgbẹ́ lowó ń wọ̀, kì í ṣe ti pásítọ̀ kan.

Báǹkì ní ká mú ìwé ọlọ́pàá wá. A mú un lọ, owó ti fò lọ. Wọ́n ní ká kọ̀wé sí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, n'Ìbàdàn.

Fóònù ọkùnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tuntun kan ti ń béèrè owó ilé-ìwé sáà tuntun, ₦15,000. Bí ọmọ aláṣọ yẹ́lò yẹn bá wà lórí fóònù tiyín náà, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi àwòrán àti rìsíìtì yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ la ń lọ Ìbàdàn.